Scholz, Schulz, Schulze: kí ni ìtumọ̀ orúkọ àna mi yìí?

Àbẹ̀kẹ́ Dresden:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Oṣù kẹjọ ni ìdána mi ní Òṣogbo, àwọn òbí àfẹ́sọ́nà mi àti ìyá rẹ̀ àgbà sì ń bọ̀ láti Jámánì. Scholz ni orúkọ ìdílé wọn. Láti ọjọ́ tí mo ti sọ ọ́ fún màmá mi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń bi mí lórí fóònù: "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?" Mo ní, "Màmá, orúkọ lásán ni." Wọ́n ní, "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo làwọn wò?" Alága ìjókòó náà ti pè mí. Ó ní òun ò ní dúró níwájú èrò kóun máa ki àna tóun ò mọ ohun tí orúkọ wọn ń wí.

Mo bi àfẹ́sọ́nà mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀, pé orúkọ tó wọ́pọ̀ ni. Ni mo bá bọ́ sórí Google. Ó gbé mi dé ibi "Schuld". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè Jámánì mọ̀ pé gbèsè nìyẹn, ó sì tún jẹ́ ẹ̀bi. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Ṣé ilé onígbèsè ni mò ń lọ ni? Ìkejì: ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, Scholz méjì ló wà, Schulz kan, Schulze kan. Ṣé ẹbí kan náà ni wọ́n? Èèyàn mélòó ló tiẹ̀ ń jẹ́ ẹ?

Bàbá Ìbejì, Berlin:

Onígbèsè kẹ̀! Àbẹ̀kẹ́, rí i pé owó orí rẹ délẹ̀ pé pérépéré kó o tó gbé Bíbélì o. Àwàdà ni mò ń ṣe. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ọtí kan wà ní Berlin níbí tó ń jẹ́ Schultheiss, ọdún tí mo ti ń mu ún kò níye, kò tíì sọ mí di onígbèsè. Kí àwọn tó mọ̀wé wá dá ọmọ yìí lóhùn.

Alákọ̀wé Leipzig:

Àbẹ̀kẹ́, fọkàn balẹ̀. Google ò purọ́ fún ọ, ìdajì ọ̀rọ̀ ló kàn sọ. Scholz, Schulz, Schultz, Schulze, Schulte, Schuldt, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n gé kúrú: Schultheiß. Láyé àtijọ́, sculdheizo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjì ló so pọ̀ níbẹ̀. Sculd ni ohun tí èèyàn jẹ, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ iṣẹ́ tó di dandan fún un láti ṣe fún olúwa ilẹ̀. Heizo wá láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pípàṣẹ. Ẹni tó ń pàṣẹ pé kí ajigbèsè san gbèsè ni, kì í ṣe ajigbèsè. Òun ló ń gba ohun tó tọ́ sí olúwa ilẹ̀ jọ, òun náà ló ń jókòó gbẹ́jọ́. Oyè náà ti pẹ́ lórí ilẹ̀: àwọn Lombard tó lọ tẹ̀dó sí Ítálì kọ ọ́ sínú òfin ọba wọn Rothari ní ọdún 643, wọ́n pè é ní sculdahis.

Tí màmá bá ní kó o sọ ọ́ ní gbólóhùn kan, sọ fún wọn pé ọmọ Baálẹ̀ ni. Kò bára mu délẹ̀délẹ̀, torí baálẹ̀ tiwa, agboolé ló ti ń jáde, tiwọn sì jẹ́ ẹni tí olúwa ilẹ̀ fi sípò kó máa bá òun mójú tó abúlé. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu wa tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ní ìhà ìlà-oòrùn, torí ọ̀dọ̀ wọn ni Scholz ti wá. Láti nǹkan bí ọdún 1150, àwọn ìjòyè àti bíṣọ́ọ̀bù tó ni ilẹ̀ ní ìkọjá odò Elbe ń wá àgbẹ̀ tí yóò ṣán igbó. Wọ́n á gbé iṣẹ́ náà fún ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lokator. Òun ló máa lọ kó àwọn èèyàn wá láti ìwọ̀-oòrùn, òun ló máa wọn ilẹ̀, tí á sì pín in. Bí abúlé bá ti dúró, òun náà ni yóò di Schulze ibẹ̀, oyè náà á sì máa tọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n á fún un ní ilẹ̀ tí kò ní san ìṣákọ́lẹ̀ lé lórí. Ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn tí wọ́n bá gbà nílé ẹjọ́, tirẹ̀ ni. Nígbà mìíràn wọ́n tún máa ń yọ̀ǹda ilé ìlọkà àti ilé ọtí fún un. Ṣé ẹ rí i pé oyè tó lọ́ràá ni.

Tó bá fẹ́ pe ìpàdé ńkọ́? Kì í lọ kanlẹ̀kùn kiri. Ní Prussia ìlà-oòrùn, tó jẹ́ ilẹ̀ Jámánì nígbà náà, wọ́n ní igi wíwọ́ kan, gbòǹgbò tó lọ́ po ló sábà máa ń jẹ́, tí wọ́n ń pè ní Kriwule. Á fi ránṣẹ́ sílé àkọ́kọ́, onílé ibẹ̀ á gbé e fún ará ilé kejì, bẹ́ẹ̀ ni igi á ṣe máa lọ títí á fi yí abúlé ká. Ẹni tó bá ti rí igi lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ ti mọ̀ pé wọ́n ń pe òun. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo pariwo nínú kíláàsì pé àrokò nìyí!

Ìyá Tóbi, Hannover:

Ẹ ṣeun, sà. Ohun tí kò yé mi rèé. Abúlé kan, baálẹ̀ kan. Báwo ni ọmọ baálẹ̀ ṣe wá pọ̀ tó báyìí? Schulze méjì ló wà ní kíláàsì Tóbi, wọn ò sì bára wọn tan.

Alákọ̀wé Leipzig:

Abúlé ló pọ̀, Ìyá Tóbi. Abúlé lọ́nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kálukú pẹ̀lú Schulze tirẹ̀. Ìgbà tí orúkọ ìdílé wá ń fìdí múlẹ̀, ohun tí ará àdúgbò fi ń dá èèyàn mọ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn. Alágbẹ̀dẹ di Schmidt, ẹni tó ń lọ ọkà di Müller, baálẹ̀ di Schulze. Kì í sì í ṣe ọmọ baálẹ̀ nìkan. Oyè náà so mọ́ oko, ẹni tó bá ra oko baálẹ̀ tàbí tó ń gbé ibẹ̀ lè di ẹni tí wọ́n ń fi orúkọ náà pè.

Ẹ wo tiwa ná. Balógun mélòó ló wà ní Ìbàdàn, ní Ẹ̀gbá, ní Ìjẹ̀bú, ní Ìlọrin? Oyè ogun ni, ó di orúkọ ìdílé, kò sì sẹ́ni tó máa rò pé agboolé kan ni gbogbo wọn ti jáde. Ó ti dé Jámánì pàápàá: Leon Balogun tó gbá bọ́ọ̀lù fún Super Eagles, Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1988. Ará Jámánì tó bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ tirẹ̀ náà á ní láti béèrè lọ́wọ́ wa.

Ṣẹ́gun Onímáàpù, Mainz:

Ibi tí mo ti ń dúró dè nìyí, ọ̀rọ̀ iye. Àwọn onímọ̀ èdè ní Freiburg àti níbí ní Mainz kó gbogbo orúkọ tó wà lórí fóònù ilé ní Jámánì lọ́dún 2005 jọ, wọ́n fi ya máàpù, ìwé ńlá méje ló dà láàárín 2009 sí 2018. Nínú àkójọ yẹn, Müller ló ṣíwájú, ó ju 250,000 fóònù lọ. Schmidt tẹ̀ lé e. Schulz wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó ju 70,000 lọ. Schulze àti Scholz, àwọn méjèèjì wà nínú àádọ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ má kàn gbé iye yẹn kẹ́ ẹ pè é ní iye èèyàn o. Fóònù ilé ni, ilé kan sì lè ní èèyàn mẹ́rin. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ sábà máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po tó dín díẹ̀ sí mẹ́ta. Ìyẹn ni pé àwọn tó ń jẹ́ Schulz, tí wọ́n kọ ọ́ báyìí gan-an, á máa lọ sí 200,000. Jámánì jẹ́ mílíọ̀nù 83. Nínú bí irinwó èèyàn tó o bá bá pàdé, Schulz kan á wà níbẹ̀, láì tíì ka Schulze, Scholz, Schulte àti àwọn yòókù. Wọ́ọ̀dù rẹ kò ṣàjèjì rárá, Àbẹ̀kẹ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni máàpù. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ohùn mọ ará Ìjẹ̀bú yàtọ̀ sí ará Oǹdó. Schulz pọ̀ ní Brandenburg, Berlin, Mecklenburg. Schulze bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, Saxony-Anhalt ni ilé rẹ̀. Schuldt, ẹ lọ wò ó ní ìhà Hamburg àti etíkun. Schulte, Westphalia. Scholten, ìsàlẹ̀ odò Rhine lẹ́bàá Netherlands. Àwọn tí kò gé e kúrú, tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Schultheiß, ìhà Hesse àti Franconia ni wọ́n pọ̀ sí. Bó o bá sì dé ìsàlẹ̀ Bavaria, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí mọ́, Huber àti Maier lo máa bá níbẹ̀.

Scholz ló ń da máàpù rú. Ó pọ̀ ní Saxony tó o wà yẹn, àmọ́ ó fọ́n káàkiri gbogbo Jámánì bí ìgbà tí wọ́n da ọkà sílẹ̀. Silesia ni ilé rẹ̀, púpọ̀ jù lọ nínú Silesia sì ti di ara Pólàńdì láti 1945. Lẹ́yìn ogun, nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 ará Jámánì ló sá tàbí tí wọ́n lé kúrò ní ìlà-oòrùn, wọ́n sì gbé orúkọ wọn lọ síbi tí ọkọ̀ bá já wọn sí. Nítorí náà, tí bàbá ọkọ rẹ bá sọ pé Hannover tàbí Bavaria làwọn ti wá, ṣáà béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ àgbà lo ìgbà èwe rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Dresden:

Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá àgbà sọ nígbà kan pé orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ni wọ́n gbé òun kúrò nílé, pé òun ò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún. Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa gbé mi débẹ̀. Mo máa rọra bi wọ́n.

Tàlàbí Stuttgart:

Ẹ fi Schütz náà kún un. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ń jẹ́ Schütz, ó dájú pé ìdílé kan náà ni.

Ṣẹ́gun Onímáàpù, Mainz:

Rárá o, Tàlàbí. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Schütz jẹ mọ́ tafàtafà àti ọdẹ tó ń ṣọ́ oko tàbí ìlú. Etí ló gbọ́ wọn bákan náà. Ṣáà wò ó bóyá "l" wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Èkìtì ní Münster:

Ẹ jẹ́ kí n bu omi tútù díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ baálẹ̀ yín. Ní Westphalia níbí, Schulte tàbí Schulze kì í fìgbà gbogbo jẹ́ baálẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó oko ńlá olúwa ilẹ̀, tí àwọn oko kéékèèké yòókù ń kó ìsìn wọn wá bá, ló sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Alábòójútó oko ni ká pè é. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí orúkọ alápá méjì lágbègbè yìí, Schulze ṣíwájú, orúkọ oko tẹ̀ lé e, láìsí ìlà láàárín wọn.

Nǹkan kan tún wà tó pa mí lẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Níbí, oko ló ń sọ èèyàn lórúkọ. Bí ọkùnrin bá fẹ́ obìnrin tó jogún oko, tó sì kó lọ síbẹ̀, orúkọ oko ìyàwó ló máa jẹ́, àwọn ọmọ náà á sì máa jẹ́ ẹ. Ìjọba Prussia, tó ń ṣàkóso ibí nígbà yẹn, ló wá dí ọ̀nà rẹ̀ ní 1822, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí orúkọ ìdílé rẹ̀ padà láìgbàṣẹ. Ẹ wá fojú inú wò ó, kí n lọ bá bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́ pé orúkọ oko àna mi ni mo ń jẹ́ báyìí!

Ẹni tó bá ń wá ìran rẹ̀ lágbègbè yìí kó rántí o. Bàbá lè máa jẹ́ nǹkan kan ní ọdún tó ṣèrìbọmi, kó sì jẹ́ nǹkan mìíràn ní ọdún tó gbéyàwó. Tẹ́ ẹ bá rí "genannt" nínú ìwé, ohun tó ń sọ nìyẹn: ẹni tí wọ́n tún ń pè ní báyìí.

Bàbá Ìbejì, Berlin:

Ọmọ Èkìtì, má sọ fún ìyàwó mi.

Olórin Weimar:

Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Àwọn Schulze kan wà tí ẹ ò lè dá mọ̀ mọ́. Nígbà tí èdè Látìn jẹ́ àmì ọ̀mọ̀wé, àwọn pásítọ̀ àti olùkọ́ máa ń túmọ̀ orúkọ wọn sí i. Schultheiß di Praetorius, tàbí Scultetus. Michael Praetorius tí a ń kọ orin rẹ̀ ní gbogbo Kérésìmesì, tó kú ní 1621, pásítọ̀ tó ń jẹ́ Schultheiß ni bàbá rẹ̀.

Èyí tó tún wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni ti Goethe, òǹkọ̀wé ńlá Jámánì. Bàbá ìyá rẹ̀, Johann Wolfgang Textor, ni Schultheiß ìlú Frankfurt láti 1747, òun ni wọ́n sì fi sọ ọmọ náà lórúkọ. Ipò rẹ̀ ni Schultheiß, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Textor tó ń jẹ́ yẹn, Weber ni tẹ́lẹ̀, ahunṣọ, kí wọ́n tó gbé Látìn wọ̀ ọ́.

Alákọ̀wé Leipzig:

Olórin, o jẹ́ kí n rántí ẹnì kan ládùúgbò mi. Delitzsch kò jìnnà sí Leipzig. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Hermann Schulze sí ní 1808. Nígbà tó wọlé sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Prussia ní 1848, Schulze ti pọ̀ jù níbẹ̀, tí ẹnì kan bá pe Schulze, ó ju ẹyọ kan lọ tó máa dáhùn. Ó bá fi orúkọ ìlú rẹ̀ kún un, ó di Schulze-Delitzsch, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń sọ pé "Káyọ̀dé ti Ìṣẹ́yìn" kí ó má bàa di ìjà. Òun ló sì dá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù àti báńkì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ ní Jámánì. Ẹ wá padà síbi gbèsè: ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń pàṣẹ kí wọ́n san gbèsè ló kọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà bí wọ́n ṣe máa yá ara wọn lówó.

Ẹgbẹ́ òṣèlú SPD náà tiẹ̀ ṣe bíi pé baálẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Martin Schulz ni wọ́n fà kalẹ̀ ní 2017. Olaf Scholz di olórí ìjọba ní 2021. Ó mú Svenja Schulze ṣe mínísítà. Ẹ rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ níjókòó kan.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Wrocław:

Ẹ kú ìjíròrò. Pólàńdì ni mo ti ń kàwé ìṣègùn, nínú Silesia tẹ́ ẹ̀ ń sọ yẹn gan-an. Oyè náà kò tíì kú níbí. Àwọn Polish gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn Jámánì láyé ọjọ́un, wọ́n sọ ọ́ di sołtys. Títí di òní, abúlé kọ̀ọ̀kan ló ń dìbò yan sołtys tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbé mi lọ sí abúlé tí a ti ń kọ́ṣẹ́, mo máa ń rí pátákó irin pupa kan lára ògiri ilé, wọ́n kọ SOŁTYS sí i ní funfun. Ilé yẹn lèèyàn ń lọ tí màálù ẹlòmíì bá jẹ oko ẹni. Obìnrin ló wà nípò ní èyí tí mo mọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bá a ṣàwàdà.

Ní Silesia ayé àtijọ́, Scholtisei ni wọ́n ń pe ilé àti oko baálẹ̀. Ilé ọtí abúlé, Kretscham. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sábà ń gbé ẹjọ́ jókòó, wọ́n á dájọ́ tán, wọ́n á mutí. Kretschmer tí ẹ ń gbọ́ ní Saxony níbẹ̀, tó jẹ́ orúkọ olórí ìjọba ìpínlẹ̀ yín, ọlọ́tí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Baálẹ̀ àti ọlọ́tí, abúlé kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Bí ìyá àgbà bá rántí orúkọ abúlé, Àbẹ̀kẹ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Gbogbo ìlú ló ti gba orúkọ Polish. Schweidnitz di Świdnica, Breslau di Wrocław. Àwọn ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ogun wà ní ilé ìpamọ́ ìjọba, wọ́n sì ti gbé púpọ̀ nínú wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìkànnì tí wọ́n ń pè ní Szukaj w Archiwach. Ìwé ìbí tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwé ìgbéyàwó àti ti ikú tó ti pé 80, ẹnikẹ́ni ló lè kà á.

Adékẹ́mi Köln:

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí Àbẹ̀kẹ́ má bàa jìn sí kòtò tí mo jìn sí. Nígbà tí mo fẹ́ ọkọ mi, mo lọ ra àmì ìdílé tí wọ́n yà sára igi, pẹ̀lú apata àti kìnnìún, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. 89 yúrò. Mo gbé e fún bàbá ọkọ mi lọ́jọ́ ìbí wọn. Bàbá wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìran alágbàro la jẹ́." Kò sí àmì tó jẹ́ ti orúkọ. Ìdílé kan pàtó ló máa ń ní in, ọ̀pọ̀ Schulz ò sì ní nǹkan kan. Ó ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa, kọ́bọ́ọ̀dù ló bò ó mọ́lẹ̀.

Tó o bá fẹ́ ìwé gidi ní Jámánì, Standesamt, ilé ìforúkọsílẹ̀ ìjọba, bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà ní oṣù kìn-ín-ní 1876. Láti ìgbà náà ni bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ kò ti fi bẹ́ẹ̀ yí padà mọ́. Ṣáájú rẹ̀, pásítọ̀ kan náà lè kọ Scholz lónìí, kó kọ Scholtz lọ́la. Má jẹ́ kí ìyẹn dà ọ́ láàmú. Ìwé ìbí á ṣí fún gbogbo ayé lẹ́yìn 110 ọdún, ti ìgbéyàwó lẹ́yìn 80, ti ikú lẹ́yìn 30. Tí kò bá tíì pé, ọmọ inú ilé ni kó lọ béèrè, kì í ṣe ìwọ. Jẹ́ kí ọkọ rẹ buwọ́ lù ú.

Kó o sì béèrè bóyá wọ́n ní Ahnenpass nílé. Ìwé pélébé ni. Ìjọba Hitler ló fi dandan mú ọ̀pọ̀ èèyàn láti kó ìran wọn jọ sínú rẹ̀, kí wọ́n lè fi hàn pé kò sí Júù nínú wọn. Ohun burúkú ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n orúkọ bàbá bàbá, ọdún, abúlé, gbogbo rẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú òǹtẹ̀ pásítọ̀. Fọwọ́ pẹ̀lẹ́ béèrè o, ojú máa ń ti àwọn mìíràn láti mú un jáde.

Ìyá Tóbi, Hannover:

Àbẹ̀kẹ́, ṣé o máa jẹ́ Scholz ni tẹ́ ẹ bá délé ìforúkọsílẹ̀? Láti ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2025, òfin tuntun ti gbà kí tọkọtaya jọ jẹ́ orúkọ méjèèjì pa pọ̀, kí àwọn ọmọ náà sì jẹ́ ẹ. Tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo nínú yín ló lè fi tirẹ̀ kún un. Jẹ́ kí baálẹ̀ náà gbé orúkọ bàbá tìẹ pẹ̀lú.

Àbẹ̀kẹ́ Dresden:

Mo ti dé o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí.

A lọ kí ìyá àgbà lọ́jọ́ Àìkú. Mo ṣe bí Adékẹ́mi ṣe wí, mo rọra béèrè. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n po kọfí fún wa, a jẹ kéèkì. Ìgbà tí a fẹ́ dìde ni wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé agolo bisikíìtì kan jáde tí ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Ìwé náà wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ ti ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ ní ọwọ́ ìkọ̀wé àtijọ́ tí àfẹ́sọ́nà mi pàápàá ò lè kà, ìyá àgbà ló ń fi ìka tọ́ka sí i tí wọ́n ń kà á fún wa. Abúlé kan lẹ́bàá Schweidnitz. Ẹni tó pẹ́ jù nínú rẹ̀, wọ́n kọ "Scholtz" sí i, "t" wà nínú rẹ̀, ọdún 1794. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: aránṣọ. Kì í ṣe baálẹ̀! Àfẹ́sọ́nà mi rẹ́rìn-ín, ó ní oyè ti bọ́ kó tó kàn wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú, mo ti fi orúkọ abúlé náà ránṣẹ́ sí ọ.

Mo pe màmá mi lálẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, baálẹ̀, ilẹ̀ tí kò sanwó ìṣákọ́lẹ̀, igi tó ń yí abúlé ká, gbogbo ẹ̀. Mo sọ ti aránṣọ náà pẹ̀lú. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Wọ́n wá ní, "Ọmọ Baálẹ̀ tó ń ránṣọ. Ó dáa. Sọ fún wọn pé iṣu méjìlélógójì ni kí wọ́n gbé wá, kí ó má kù síbì kan. Kí aránṣọ náà sì wọn ara rẹ̀ fún agbádá, kó fi ráńṣẹ́ ní ínǹṣì, mi ò mọ sẹ̀ǹtímítà."